ÌDÍ TÍ ÌDÁHÙN FI Ń PẸ́ NÍNÚ ÀKÁ ÌWÉ ORÍ KỌ̀ǸPÚTÀ: ÌNÍSÀ, ÒKUKÙ ÀTI ÌKÌRUN GẸ́GẸ́ BÍ ÀPẸẸRẸ

ÌFÁÀRÀ

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ó wà ní Òkukù bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn aṣáájú ti kọ nípa ìlú Ìnísà tí ó wà nítòsí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó má tilẹ̀ dìde lórí ìjókòó. Fóònù ni yóò fà yọ. Yóò ṣí àká ìwé ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì ilẹ̀ yìí, yóò tẹ orúkọ ìlú náà sí ojú ibi tí wọ́n ní kí ó tẹ̀ ẹ́ sí, yóò sì máa retí. Bí ohun gbogbo bá wà létò, ìdáhùn yóò dé kí ó tó mí lẹ́ẹ̀mẹta. Bí kò bá wà létò, àmì roboto kékeré tí ó wà lójú fóònù yóò máa yí, dátà tí ó fi owó rà yóò máa lọ, nígbà tí ó bá sì yá, sáfà yóò sọ fún un pé àkókò ti kọjá. Yóò tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé kò sí àpilẹ̀kọ kankan lórí Ìnísà.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ti àwọn olùkọ́ èdè, ìtàn àti àṣà, tí kì í fi í ṣe ti àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Ìdáhùn tí ó pẹ́ jù kò yàtọ̀ sí ìdáhùn tí kò sí. Bí ó bá jẹ́ ìlú ńlá bí Ìbàdàn ni, àdánù náà kì í hàn, nítorí ìwé mìíràn pọ̀ tí ènìyàn lè gbójú lé. Òkukù náà ní ìwé tí Karin Barber kọ lórí oríkì ìlú náà, tí ó jáde ní ọdún 1991. Ìkìrun ní Ogun Jálumi ti ọdún 1878, èyí tí Samuel Johnson sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ṣùgbọ́n fún ìlú tí ìwé nípa rẹ̀ kò tíì gbajúmọ̀, àpilẹ̀kọ méjì tàbí mẹ́ta tí àwọn ọmọ ìlú náà fi gba oyè lè jẹ́ gbogbo ohun tí ó wà. Bí àká bá kùnà láti gbé wọn jáde, ó dà bí ìgbà tí wọn kò kọ wọ́n rárá.

Oníkálukú ni ó ní ẹni tí ó ń dá lẹ́bi. Akẹ́kọ̀ọ́ ń dá nẹ́tíwọ̀kì lẹ́bi, òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ń dá iná mànàmáná lẹ́bi, ọ̀gá wọn sì ń sọ pé kọ̀ǹpútà kò lágbára tó, kí wọ́n wá owó ra òmíràn. Kò sí èyí tí kò lè jẹ́ òtítọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀, nínú àká tí ó kún fún ìwé Yorùbá, ohun tí ó máa ń fa ìpẹ́ yìí jù lọ ni pé ìbéèrè wọ aṣọ tí wọn kò ṣe atọ́ka dè. Àmì ohùn sì ni aṣọ náà lọ́pọ̀ ìgbà.

LÁTI ORÍ KÁÀDÌ DÉ ORÍ ÀTẸ

Ẹni tí ó bá lo Ilé-Ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi ní Ifẹ̀ tàbí Ilé-Ìkàwé Kenneth Dike ní Ìbàdàn kí kọ̀ǹpútà tó gbòde yóò rántí àwọn dúrọ́ọ̀ káàdì. Ìwé kan ṣoṣo a máa ní káàdì tí ó ju ẹyọ kan lọ: ọ̀kan lábẹ́ orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, ọ̀kan lábẹ́ àkọlé rẹ̀, ọ̀kan tàbí méjì lábẹ́ kókó ọ̀rọ̀ tí ó dá lé lórí. Wọ́n ti to wọ́n ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ a-b-d kí olùwádìí tó dé. Òṣìṣẹ́ tí ó kọ káàdì ni ó ti ṣe wàhálà náà ṣáájú, ìdí nìyí tí ó fi rọrùn fún ẹni tí ó wá wo káàdì. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá béèrè ohun tí wọn kò to dúrọ́ọ̀ kankan fún, bí àpẹẹrẹ gbogbo ìwé tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní ọdún 1978, kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí ó tú gbogbo dúrọ́ọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ohun tí ó wà lórí káàdì yẹn ni a lè pè ní àkọsílẹ̀ ìdánimọ̀: kì í ṣe ìwé náà fúnra rẹ̀, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ tí a fi ń dá ìwé mọ̀. Ní ọdún 1995, àwọn onímọ̀ pàdé ní ìlú Dublin ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà láti fi ẹnu kò lórí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìwé orí kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni ètò Dublin Core ti bẹ̀rẹ̀, tí ó wá ní ẹ̀ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: àkọlé, òǹkọ̀wé, déètì, èdè, kókó ọ̀rọ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2002, yunifásítì MIT àti ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard gbé DSpace jáde, ètò ọ̀fẹ́ tí ó ń lo Dublin Core láti tọ́jú ìwé. Òun ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Nàìjíríà mú lò, tí Ìbàdàn àti Ifẹ̀ wà nínú wọn.

Ọ̀nà tí DSpace gbà ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ni ó yẹ kí olùwádìí fi ara balẹ̀ wò. Kò fún àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan ṣoṣo tí gbogbo ohun rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Àtẹ ńlá kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ metadatavalue. Orí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń wọ́ jọ sí. Àkọlé ní ìlà tirẹ̀, òǹkọ̀wé ní tirẹ̀, alábòójútó ní tirẹ̀, kókó ọ̀rọ̀ márùn-ún ní ìlà márùn-ún, àṣamọ̀ tí ó gùn tó ojú ewé kan náà ní ìlà kan. Òpó kan ń sọ irú ohun tí ìlà náà jẹ́, òpó kejì, text_value, ni ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ wà. Bí àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan bá ní ìlà 25, àká tí ó ní àpilẹ̀kọ 50,000 ti di ilé ìlà 1,250,000 nìyẹn. Ètò yìí gba ohunkóhun tí ènìyàn bá fẹ́ kọ sí i, ó sì ní owó orí tí ó ń gbà. Ẹni tí ó bá béèrè àpilẹ̀kọ tí àkọlé rẹ̀ mẹ́nu kan Ìnísà, tí ó jẹ́ ti ọdún 1985, tí kókó rẹ̀ jẹ́ ìtàn, ti sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó so àtẹ kan náà mọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

BÍ KỌ̀ǸPÚTÀ ṢE Ń WÁ NǸKAN

PostgreSQL ni ó ń tọ́jú àwọn àtẹ yìí fún DSpace. Kì í ka ìlà kọ̀ọ̀kan láti orí dísìkì. Ojú ewé ni ó ń kà, ojú ewé kan sì jẹ́ kílóbáìtì 8. Bí ojú ewé kan bá gba ìlà 40, ìlà 1,250,000 yóò gba ojú ewé 31,250, èyí tí ó tó nǹkan bí mẹ́gábáìtì 250. Ààyè tí PostgreSQL ń yà sọ́tọ̀ nínú mẹ́mọ́rì fún irú iṣẹ́ yìí, bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, jẹ́ mẹ́gábáìtì 128. Àtẹ náà ju ilé rẹ̀ lọ nìyẹn. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń mú kí wọ́n ka gbogbo àtẹ, iṣẹ́ náà yóò wúwo fún kọ̀ǹpútà.

Atọ́ka ń gbà wá lọ́wọ́ èyí. Atọ́ka tí ó wọ́pọ̀ jù nínú PostgreSQL dà bí igi tí ó ní ẹ̀ka: láti gbòǹgbò, ojú ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni a ó kà kí a tó dé ibi tí ohun tí a ń wá wà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kíka ojú ewé mẹ́rin àti kíka 31,250 ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìdáhùn wéré àti àmì roboto tí ó ń yí.

Ẹnìkan lè sọ pé DSpace ti ní atọ́ka lórí òpó tí ó ń sọ irú ìlà, nítorí náà kí kọ̀ǹpútà mú ìlà àkọlé nìkan, kí ó fi ìyókù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí mọ́gbọ́n wá, ṣùgbọ́n kò gba ènìyàn là. Bí wọ́n ṣe ń fi àpilẹ̀kọ sínú àká ni àwọn ìlà rẹ̀ ń jókòó ti ara wọn. Àkọlé 50,000 tí ó fọ́n ká orí ojú ewé 31,250 túmọ̀ sí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí ojú ewé tí kò ní àkọlé kan tàbí méjì lórí. Atọ́ka náà tọ́ka sí ibi gbogbo, gbogbo ojú ewé ni kọ̀ǹpútà yóò sì kà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi ọjọ́ púpọ̀ ṣòfò nítorí pé wọ́n rí i pé atọ́ka wà, wọn kò sì béèrè bóyá ó wúlò fún ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀.

KÍKA ÈTÒ IṢẸ́

Kí ẹnikẹ́ni tó ra kọ̀ǹpútà tuntun, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ibi tí ìbéèrè ń lọ. Nínú DSpace, láti ẹ̀dà kẹrin tí ó jáde ní ọdún 2013, ìwákiri tí olùkàwé ń ṣe lójú ìwé kì í lọ sí PostgreSQL mọ́. Ọ̀dọ̀ Solr ni ó ń lọ, ètò ìwákiri mìíràn tí ó ní atọ́ka tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ metadatavalue ni DSpace ń kà nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ń kó àkọsílẹ̀ jáde láti tún un ṣe, tí wọ́n bá ń ṣe àtúntò atọ́ka Solr fúnra rẹ̀, tàbí tí òṣìṣẹ́ bá ń ṣe ìròyìn ọdún nípa iye àpilẹ̀kọ tí wọ́n ní lórí ìlú kan tàbí ẹ̀kọ́ kan. Ẹni tí ó ń tún Solr ṣe nígbà tí PostgreSQL ni ó ń ṣàìsàn, orí ni ó ń fọ́ ọ, ẹsẹ̀ ni ó ń fi àgúnmu sí.

Bí ó bá dá ènìyàn lójú pé PostgreSQL ni, ohun àkọ́kọ́ ni kí ó sọ fún un pé kí ó máa kọ gbogbo ìbéèrè tí ó bá ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ sílẹ̀. Orúkọ ètò tí a fi ń ṣe èyí ni log_min_duration_statement. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọ̀daràn yóò ti kọ orúkọ ara wọn sílẹ̀. Wọn kì í pọ̀. Irú èyí ni ó sábà máa ń wà láàárín wọn:

SELECT dspace_object_id FROM metadatavalue
WHERE metadata_field_id = 64
AND lower(unaccent(text_value)) LIKE '%inisa%';

(Nọ́ńbà 64 ni ó sábà máa ń dúró fún àkọlé, ṣùgbọ́n kí oníkálukú yẹ ti àká tirẹ̀ wò.) Bí wọ́n bá fi EXPLAIN (ANALYZE, BUFFERS) ṣáájú ìbéèrè yìí, PostgreSQL yóò sọ ọ̀nà tí ó gbà: ó ka gbogbo àtẹ ni tàbí ó gba orí atọ́ka, iye ojú ewé tí ó bá nínú mẹ́mọ́rì, iye tí ó ní láti lọ mú wá láti orí dísìkì, iye ìlà tí ó rò pé òun yóò rí àti iye tí ó rí ní tòótọ́. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni àwọn tí kò tíì mọ iṣẹ́ náà dáadáa kì í wò. Bí PostgreSQL bá rò pé ìlà 5 ni òun yóò rí, tí ó sì bá 40,000 pàdé, gbogbo ìpinnu tí ó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni yóò wọ́.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kan wà níhìn-ín. Ìbéèrè tí ó gba ìṣẹ́jú àáyá 20 ní ìgbà àkọ́kọ́ lè gba ẹyọ kan ṣoṣo ní ìgbà kejì, nítorí pé àwọn ojú ewé náà ti wà nínú mẹ́mọ́rì. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá pè wá wò ó á tẹ̀ ẹ́, á rí i pé ó yára, á sì sọ pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ kò pa irọ́, òṣìṣẹ́ náà kò pa irọ́. Iye ojú ewé tí BUFFERS kọ sílẹ̀ ni kí wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n, kì í ṣe aago nìkan, nítorí iye náà kò yí padà bí aago ṣe ń yí.

ÀMÌ OHÙN ÀTI LẸ́TÀ TÍ Ó JỌ ARA WỌN

Kí ni ó fà á tí ẹni tí ó kọ ìbéèrè òkè yìí fi wé òpó text_value mọ́ inú unaccent àti lower? Kò ṣe é láìnídìí. Ó rí i pé àwọn kan kọ orúkọ ìlú náà ní INISA, àwọn kan kọ ọ́ ní Inisa, àwọn mìíràn sì fi àmì ohùn sí i. Lójú ènìyàn, ìlú kan ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni.

Ó sì burú ju mẹ́ta lọ. Unicode, ètò àgbáyé tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, fún ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ (1EB9), ó fún ọ ní tirẹ̀ (1ECD), ó sì fún ṣ ní tirẹ̀ (1E63). Lẹ́tà bí à àti í náà ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀, níbi tí àmì abẹ́ àti àmì òkè ti pàdé lórí lẹ́tà kan. Ọ̀nà mẹ́rin ni ènìyàn lè gbà kọ ọ̀: kí ó mú ọ, kí ó fi àmì ohùn lé e, kí ó mú ò, kí ó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀, kí ó mú o lásán, kí ó fi àmì abẹ́ ṣáájú àmì òkè, tàbí kí ó fi àmì òkè ṣáájú ti abẹ́. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí bákan náà lójú. Lẹ́tà bí ì ní ọ̀nà méjì. Nítorí náà, Ọ̀tìn, orúkọ odò náà, ṣeé kọ ní ọ̀nà 8. Ìnísà náà ṣeé kọ ní ọ̀nà 8, nítorí lẹ́tà mẹ́ta nínú rẹ̀ ní ọ̀nà méjì méjì. Odò Ọ̀tìn, orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Òkukù jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, tí Ìnísà sì wà lábẹ́ rẹ̀, ṣeé kọ ní ọ̀nà 16, kò sì sí olùkà tí ó lè fi ojú lásán mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Irú bọ́tìnnì tí akọ̀wé lò ni ó ń pinnu èyí tí yóò wọ inú àká.

Ẹni tí ó kọ ìbéèrè yẹn wá pinnu láti bọ́ aṣọ lára gbogbo ọ̀rọ̀ kí ó tó fi wọ́n wéra. Ó tọ̀nà. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó ń bọ́ aṣọ náà lẹ́nu ọ̀nà. Atọ́ka tí wọ́n ṣe lórí text_value, bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nínú rẹ̀ ni ó ṣe tò ó. Bí ìbéèrè bá sọ pé òun kò fẹ́ text_value, pé ohun tí ó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá bọ́ àmì kúrò lára rẹ̀ ni òun fẹ́, atọ́ka náà kò lè dáhùn. Kọ̀ǹpútà á wá mú ìlà kọ̀ọ̀kan, á bọ́ ọ láṣọ, á wò ó, á sì tún mú òmíràn. Àmì % tí ó ṣáájú inisa dá kún un: ẹni tí kò mọ lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ kò lè lo ìtòlẹ́sẹẹsẹ a-b-d.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí wọ́n ṣe atọ́ka lórí ọ̀rọ̀ tí a ti bọ́ láṣọ, kí iṣẹ́ náà ti parí kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dé, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn tí ó to káàdì. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti bá ìdíwọ́ mẹ́ta pàdé. Èkíní, PostgreSQL kì í gba unaccent sínú atọ́ka, nítorí pé ìwé òfin tí unaccent ń tẹ̀ lé lè yí padà lọ́la. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò máa ń fi iṣẹ́ mìíràn bò ó, wọ́n á dárúkọ ìwé òfin náà nínú rẹ̀, wọ́n á sì kéde pé kò ní yí padà. Ìlérí ni èyí. Bí ẹnikẹ́ni bá tún ìwé òfin náà ṣe, ó di dandan kí ó tún atọ́ka náà kọ́ pẹ̀lú REINDEX, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdáhùn yóò yára, yóò sì jẹ́ irọ́.

Èkejì, àṣamọ̀ àti àkọlé jọ wà nínú òpó kan náà. Atọ́ka onígi kì í gba ohun tí ó bá ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta ojú ewé lọ, àṣamọ̀ a sì máa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá gbìyànjú láti ṣe atọ́ka lórí gbogbo text_value ṣe máa ń bá àṣìṣe pàdé, tí á sì rò pé kò ṣeé ṣe. Ìlà àkọlé nìkan ni kí ó ṣe atọ́ka fún. Ní ti àmì %, àfikún kan tí ó ń jẹ́ pg_trgm ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ onílẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta: inisa yóò di ini, nis àti isa. Atọ́ka GIN lórí àwọn wẹ́wẹ́ yìí yóò mú àkọlé tí ó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá, kọ̀ǹpútà yóò sì yẹ ìwọ̀nba wọ̀nyẹn wò dípò 50,000. Bí wọ́n bá fi CONCURRENTLY sí àṣẹ tí wọ́n fi ń kọ́ ọ, àwọn òṣìṣẹ́ lè máa fi àkọsílẹ̀ wọlé nígbà tí ìkọ́lé ń lọ lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta ni ti àmì tí ó dá dúró. Kí PostgreSQL 12 tó jáde ní ọdún 2019, unaccent kò mọ bí a ti ń yọ àmì tí a lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Yóò sọ ẹ di e, ṣùgbọ́n bí àmì ohùn bá wà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlẹ̀mọ́, àmì náà yóò kù síbẹ̀ bí eegun lọ́nà ọ̀fun. Àwọn èdè Yúróòpù tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún kì í sábà nílò àlẹ̀mọ́. Yorùbá kò lè ṣe aláìnílò rẹ̀. Láti PostgreSQL 13 ti ọdún 2020, iṣẹ́ kan tí ó ń jẹ́ normalize wà tí ó lè sọ ọ̀nà 16 yẹn di ẹyọ kan láìyọ àmì ohùn kankan, ìyẹn ni ó sì dára jù láti fi tún àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe. Ní ọ̀dọ̀ Solr, irú ìṣòro kan náà wà: asẹ́ tí ó ń jẹ́ ASCIIFolding kì í yọ àlẹ̀mọ́, ICUFolding sì ń yọ ọ́.

Ọ̀nà kan ṣì wà tí ó rọrùn ju gbogbo èyí lọ, òun ni ó sì léwu jù: kí wọ́n kúkú yọ àmì ohùn kúrò nínú gbogbo àkọsílẹ̀, kí ìbéèrè lè yára. Àwọn kan ti dá a lábàá pé àwọn òǹkàwé kò fi àmì tẹ ìbéèrè wọn, nítorí náà kí ni àmì náà wà fún? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àtẹ àkọsílẹ̀ kì í ṣe fún ìwákiri nìkan. Òun ni ibi tí àkọlé iṣẹ́ ẹni wà gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ ọ́. Bí wọ́n bá yọ àmì, àpilẹ̀kọ lórí ọkọ́ tí àwọn àgbẹ̀ Ìnísà ń lò, èyí tí ó dá lórí ọkọ nínú ẹbí, èyí tí ó dá lórí ọkọ̀, àti èyí tí ó dá lórí ọ̀kọ̀ àwọn jagunjagun Jálumi yóò di oko kan náà, oko gidi náà á sì tún wọ àárín wọn. Inú atọ́ka ni kí ìbọ́láṣọ náà mọ, nítorí ènìyàn lè wó atọ́ka kí ó sì tún un kọ́ láàárín wákàtí kan. Àmì tí ó bá ti kúrò nínú àkọsílẹ̀ kò ní ibi tí ó ti lè padà wá, àfi kí ẹnìkan tún lọ ṣí ìwé náà.

ÀWỌN ÌDÍ MÌÍRÀN

Bí ètò iṣẹ́ bá fi hàn pé iye ìlà tí PostgreSQL rò jìnnà sí iye tí ó rí, ìṣirò rẹ̀ ti gbó ni. Kì í tún ìṣirò náà ṣe fúnra rẹ̀ títí ìyípadà yóò fi tó ìdá mẹ́wàá àtẹ pẹ̀lú ìlà 50. Fún àtẹ wa tí ó ní ìlà 1,250,000, ìyẹn jẹ́ 125,050. Ilé-ìkàwé tí ó bá fi àpilẹ̀kọ àtijọ́ 4,000 wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti fi ìlà 100,000 kún un, síbẹ̀ PostgreSQL kò ní mira. Àṣẹ ANALYZE kan péré, ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fi wọ́n wọlé, ti tó.

Àwọn àlejò tí kì í ṣe ènìyàn náà wà. Àwọn ẹ̀rọ akórè máa ń wá kó àkọsílẹ̀ lọ nípa ètò OAI-PMH, èyí tí ó ti wà láti ọdún 2001. Àwọn ẹ̀rọ tí ń kó ọ̀rọ̀ jọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà sì ti dá kún wọn ní àìpẹ́ yìí, wọ́n sì máa ń tẹ gbogbo ìjápọ̀ tí wọ́n bá rí. Bí àká bá ń pín ìdáhùn sí abala pẹ̀lú OFFSET, ẹni tí ó bá béèrè abala 500 ti mú kí kọ̀ǹpútà ka abala 499 kí ó sì dà á nù. Ènìyàn kì í dé abala 500. Ẹ̀rọ a máa dé ibẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ sáfà yóò fi èyí hàn.

Ní ti kọ̀ǹpútà tuntun, àǹfààní wà nínú rẹ̀. Dísìkì tí kò ní ohun tí ń yí nínú yára púpọ̀ ju ti àtijọ́ lọ, mẹ́mọ́rì tí ó bá sì tóbi ju àtẹ lọ yóò fi ìpẹ́ náà pamọ́ fún ìgbà díẹ̀. Àtẹ náà kò ní ṣíwọ́ dídàgbà.

OHUN TÍ ATỌ́KA KÒ LÈ TÚN ṢE

Ẹni tí ó bá ti ṣe gbogbo èyí lè béèrè ìtàn Ìnísà, kí ìdáhùn sì yára, kí àpilẹ̀kọ tí ó mọ̀ dájú pé ó wà má sì yọjú. Ìdí kan ni pé ìlú náà ti wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta láìkúrò lójú kan. Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni títí di ọdún 1976, ó di ti Ọ̀yọ́ ní ọdún náà, ó sì di ti Ọ̀ṣun ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991. Àpilẹ̀kọ ọdún 1982 tí kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ pé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò ní dáhùn sí Ọ̀ṣun. Bákan náà ni Yunifásítì Ifẹ̀, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987. Àwọn olùtọ́jú ìwé kan ń yí ti àtijọ́ padà sí tuntun. Ó dára jù kí wọ́n fi tuntun kún un, kí ti àtijọ́ wà níbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí DSpace ti fún kókó ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀.

Ìdí kejì nira ju èyí lọ. Kí Unicode tó tàn kálẹ̀, àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà tẹ Yorùbá ń lo lẹ́tà àdáni, tí wọ́n gbé ẹ tàbí ṣ sí ipò àmì mìíràn. Lórí ìwé tí wọ́n tẹ̀, ó mọ́ kedere. Nígbà tí wọ́n bá ṣe àdàkọ àkọlé rẹ̀ sínú àká, àmì owó tàbí àmì ìbéèrè ni ó ń jókòó sí ipò lẹ́tà. Unaccent kò mọ ohun tí ó jẹ́, normalize náà kò mọ̀ ọ́n, wẹ́wẹ́ onílẹ́tà mẹ́ta sì fọ́ níbẹ̀. Ìbéèrè kan tí ó ń wá àmì tí kì í ṣe lẹ́tà láàárín lẹ́tà méjì nínú àkọlé yóò kó wọn jọ sí ojú kan. Àtúnṣe wọn kì í ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ni yóò gbé ìwé náà síwájú, tí yóò tún àkọlé rẹ̀ tẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí òṣìṣẹ́ yóò sì pa àṣẹ index-discovery fún DSpace kí Solr lè rí wọn.